Ta Ló Mu Ẹ̀jẹ̀? Ìdájọ́ Ìtàn Péńpé Nípa Amùjẹ̀ Nínú Ìdíje Ìparí Ọdún Kan ní Kàdúná

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìdíje ìtàn péńpé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè kan ṣe láàárín ara wọn ní ìlú Kàdúná, tí àkòrí rẹ̀ jẹ́ amùjẹ̀ nígbà ọdún. A wà lára àwọn adájọ́ mẹ́ta tó ka àwọn ìtàn náà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn tí kò ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ kò ní àyè láti to ẹ̀rí kalẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí òǹkàwé ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń yá lò. Nínú ìtàn amùjẹ̀, ìgbàgbọ́ tí a yá yìí lè ṣe ẹni tó wà láàyè léṣe. A yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn ìtàn náà, a sì sọ ìdí tí a fi yí ìdájọ́ wa padà lórí ọ̀kan.

Ìfáàrà

Ní gbogbo ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ìwọ̀nba ìgbà ni a ti rí ìwé tó sọ bí a ṣe ń dá ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́jọ́. A ń fún wọn ní máàkì, a ń kọ "Ó dára" tàbí "Ṣọ́ àmì ohùn rẹ" sí etí ìwé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ìdí tí ìtàn kan fi gba ogún tí èkejì fi gba méjìlá, a ó sọ̀rọ̀ nípa àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá àti ìlò èdè. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ òótọ́ gan-an.

Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ ń lọ sópin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE kan tí wọ́n ń kọ́ Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti fi ìtàn kíkọ dá ara wọn lára yá. Òfin wọn kò pọ̀. Ìtàn kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ. Amùjẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọdún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìbáà ṣe Kérésì, Iléyá, Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí ọdún tuntun. Orúkọ òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ hàn. Ẹ̀bùn ẹni tó bá gba ipò kìíní ni adìyẹ ààyè kan, èyí tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ní gbogbo ìgbà tí a fi ń kàwé, tí ó sì ń sọ èrò tirẹ̀ lórí ìtàn kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ mẹ́ta ni wọ́n yàn: Hàjíyà kan láti ẹ̀ka Haúsá, ẹlẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ dọ́kítà nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwa láti ẹ̀ka Yorùbá. Hàjíyà gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí pé àárín àwọn Yorùbá ní Tudun Wada ni wọ́n ti dàgbà. Dọ́kítà jẹ́ ọmọ Kàbbà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ nígbà tí a dé orí àwọn ìtàn Yorùbá, èyí tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

A rò pé wákàtí kan ni yóò gbà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò.

Ìdíje láàárín ọ̀rẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ínrín ìdíje eré. Inú ìdíje eré ni amùjẹ̀ gbà wọ ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹfà 1816, òjò há Lord Byron àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ inú ilé tó gbà létí adágún Geneva. Òkè oníná Tambora tó bú gbàmù ní Indonesia ní 1815 ti da ojú ọjọ́ rú dé ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà kò sì yàtọ̀ sí ìgbà òtútù. Byron ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn abàmì kan. Inú eré yẹn ni Mary Shelley ti bẹ̀rẹ̀ Frankenstein, tó jáde ní 1818. Byron bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó sú u, ó pa á tì. John Polidori, oníṣègùn tó ń bá a rìn, he ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nù, ó sọ ọ́ di The Vampyre. Nígbà tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ní oṣù Kẹrin 1819, orúkọ Byron ni wọ́n fi sí i lórí. Bí wọ́n ṣe ń jẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ ọn lára kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni ẹni tí Polidori fi ṣe amùjẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àgbẹ̀ ni amùjẹ̀ ní Yúróòpù. Ní 1725, ní abúlé kan ní Serbia, wọ́n ní Petar Blagojević tó ti kú ń padà wá pa àwọn ará abúlé rẹ̀. Wọ́n hú òkú rẹ̀, wọ́n fi igi ṣóńṣó gún un láyà, wọ́n sì sun ún. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ débi pé ní 1755, lẹ́yìn tí oníṣègùn ààfin, Gerard van Swieten, ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Ọbabìnrin Maria Theresa fòfin de híhú òkú nítorí amùjẹ̀. Amùjẹ̀ ti Polidori ní tirẹ̀ kì í ṣe àgbẹ̀. Ọlọ́lá ni Lord Ruthven, ó wọ aṣọ tó dára, gbogbo ilé ńlá ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì rí àwòrán Byron fúnra rẹ̀ lára ọkùnrin náà. Òṣìṣẹ́ kan mú ẹ̀sùn kúrò lórí aláìní, ó gbé e sórí ọ̀gá tó ń san owó oṣù rẹ̀.

Nílé níbí náà, ìdíje ni ìyá ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdíje tí Rupert East gbé kalẹ̀ ní 1933 fún ilẹ̀ Haúsá ló mú Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa wá. Ìdíje tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí, tí ó fi jáde ní 1938. Àwọn adájọ́ ìgbà náà náà jókòó bí àwa ti jókòó, bí kò tilẹ̀ sí adìyẹ lábẹ́ tábìlì wọn.

Ta ni amùjẹ̀ ní èdè wa?

Ìṣòro kìíní ni ti ọ̀rọ̀ gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ "amùjẹ̀" sára pátákó ìkéde, ohun tó sì wà lọ́kàn wọn ni ẹni tí wọ́n ń wò nínú fíìmù orí fóònù: kóòtù dúdú, eyín gígùn méjì, ojú funfun. Ọmọ Dracula ni, ìwé tí Bram Stoker gbé jáde ní 1897. Yorùbá kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wá òkú tó dìde, àkúdàáyà ni a ní, ṣùgbọ́n àkúdàáyà kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìlú mìíràn ni ó máa ń lọ, á fẹ́ ìyàwó, á bímọ, á máa ta ọjà rẹ̀ jẹ́ẹ́, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí yóò fi bá a pàdé. Bí a bá sì ń wá ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀, àjẹ́ ni a ní. Haúsá ní maye, tó ń gbá kurwa ènìyàn mú, ìyẹn ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn Ewe ní Togo àti Ghana ní adze, tí wọ́n sọ pé ó máa ń fò kiri bíi tanátaná.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Òkú ni Dracula, àlejò sì ni. Kò sí ẹni tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ní Barnawa tàbí ní Kakuri. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, kò sí ẹni tí yóò sun ebi nítorí rẹ̀. Àjẹ́ ní tirẹ̀ wà láàyè. Ó ní orúkọ, ó ní yàrá nínú ilé, a mọ ìjókòó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ìyàwó tí kò bímọ, tàbí ọmọ aláìníyàá tí wọ́n gbà tọ́. Kì í ṣe ìtàn lásán ni ìjọba ń bá wí nígbà tí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù, ní abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn; bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré ni ìpínlẹ̀ Akwa Ibom fi sọ ọ́ di ọ̀ràn ní 2008 láti pe ọmọdé ní àjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan láti inú fíìmù, ohun tí wọ́n gbé wálé wúwo ju ohun tí wọ́n rà lọ.

Ìtàn inú òwe

Ìṣòro kejì ni ti ìwọ̀n. Àwọn kan gbà pé ìtàn péńpé jẹ́ ohun tuntun tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá. Ẹni tó bá mọ àlọ́ àpamọ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan péré ni àlọ́ àpamọ̀ máa ń jẹ́, ó sì máa ń tó, nítorí pé apàlọ́ àti agbálọ̀ọ́ jọ mọ ilé kan náà, oko kan náà, ìkòkò kan náà. Ohun tí apàlọ́ kò sọ wà lọ́wọ́ agbálọ̀ọ́. Ìtàn ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé kò ráyè sọ, òǹkàwé ni yóò san án láti inú àpò ara rẹ̀.

Ìtàn amùjẹ̀ tó kúrú jù lọ ní èdè Yorùbá, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, a kò kàn pè é ní ìtàn ni: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì àti ìbéèrè kan. A kò rí àjẹ́ níbi tó ti ń pa ọmọ. A kò gbọ́ ohun tó ṣe ọmọ. Ohun kan ṣáájú, ohun kan tẹ̀lé e, èrò ọkàn wa ló sì so wọ́n pọ̀. Agbára rẹ̀ wà nínú ìbéèrè yẹn, "ta ni kò mọ̀", nítorí pé ìbéèrè náà kò wá èsì. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ kì í ṣe ara wa. A ti ń lo òwe yìí láti ìgbà èwe láìro nǹkan kan sí i, a sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí gbólóhùn ìbéèrè ṣe máa ń di ẹnà nínú òwe. Ìdíje yìí ló jẹ́ kí a rí i pé ilé ẹjọ́ ni òwe náà. Ẹjọ́ sì ti parí kí olùjẹ́jọ́ tó wọlé.

Àwọn ìtàn náà

Ìtàn Yorùbá mẹ́tàlélógún ni a kà. Ó lé ní ìdajì nínú wọn tó jẹ́ ti oníkóòtù dúdú, a kò sì ní pẹ́ lórí wọn. Nínú ọ̀kan, yìnyín bo òrùlé ní Sabon Tasha ní òru Kérésì. Kàdúná tí ọyẹ́ ń la ènìyàn létè nínú oṣù Kejìlá, tí eruku pupa bo ewé, tí ènìyàn kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú, kí ni a tún ń fi yìnyín ṣe? Nínú òmíràn, ìyàwó ilé fi ááyù lé amùjẹ̀ jáde. Hàjíyà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ti ááyù ni, amùjẹ̀ kankan kò lè dé Àríwá, ẹ̀ẹ̀dẹ̀ ni yóò kú sí.

Ìtàn kan wà tí àgbò Iléyá ń sọ, tí ó ń wo àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, tí ó sì pè wọ́n ní amùjẹ̀. Èrò náà dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹran Iléyá kì í ṣe ohun mímu. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, èèwọ̀ sì ni jíjẹ rẹ̀ nínú Ìsìláàmù. Àgbò lè má mọ̀, ó tọ́ kí òǹkọ̀wé mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àgbò ṣe àṣìṣe, tí ìtàn sì jẹ́ kí a rí àṣìṣe rẹ̀, à bá ti gbóṣùbà fún un.

Mẹ́rin nínú wọn kọ nípa ojú ọ̀nà. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà á bẹ̀rẹ̀ ìpolongo wọn. Amùjẹ̀ ọdún tí Nàìjíríà mọ̀ jù lọ nìyí, kò sì wọ kóòtù. Wọlé Ṣóyínká tó kọ The Road ní 1965, tí ojú ọ̀nà ti ń jẹ ènìyàn nínú rẹ̀, òun kan náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà ń jẹ ènìyàn, ó sì tún mọ̀ pé ó yẹ kí dírẹ́bà sùn dáadáa kí ó tó gbéra. Nínú ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹnikẹ́ni kò rántí dírẹ́bà. Bàbá kan wọ mọ́tò ní gàréèjì Kawo, ojú ọ̀nà la ẹnu, ìrẹsì Kérésì tutù lórí tábìlì. Èdè wọn dára, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú omi jáde lójú wa. Ṣùgbọ́n táyà tó ti gbó, àpọ̀jù èrò àti kòtò tí wọn kò dí bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́, nítorí pé ẹ̀mí tí a kò rí ti gba ẹ̀bi gbogbo wọn rù.

Ìtàn tí a fún ní ipò kìíní nìyí, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti gbà wá láyè láti tẹ̀ ẹ́. Àkọlé rẹ̀ ni "Kóòtù":

"Ní oṣù Kejìlá kọ̀ọ̀kan, Bàbá máa ń wọ kóòtù wọn, wọ́n á lọ sí Kakuri lọ béèrè owó wọn. Irin ṣóńṣó-ṣóńṣó wà lórí géètì ilé iṣẹ́ náà bí eyín. Wọ́n á ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, kóòtù náà há Bàbá láyà. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó ṣe wọ́n rẹ́gí. Nígbà tí mo parí, ó ń mì lára wọn bí aṣọ orí okùn. Lọ́dún yìí, èmi ni mo wọ kóòtù náà lọ. Mọ́gáàdì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó pe orúkọ Bàbá, ó ní, 'Ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún.'"

Dọ́kítà bínú sí ìtàn yìí. Wọ́n ní kò sí amùjẹ̀ níbẹ̀, pé òfin ni òfin. Hàjíyà ní amùjẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo wọn. Àwa fara mọ́ Hàjíyà, ìdí wa sì rèé. Ẹ̀jẹ̀ kò kán níbẹ̀, ṣùgbọ́n a rí ara tó ń gbẹ lọ́dọọdún. A kò fi ọgbọ́n kankan sọ fún wa pé Bàbá ń rù. Kóòtù ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́gáàdì nígbẹ̀yìn ni ibi tí eyín ti wọlé: kò rí ìyàtọ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, nítorí pé ohun tó jẹ bàbá ti ń dúró de ọmọ. Ẹni tó bá mọ Kàdúná kò nílò kí a dárúkọ ilé iṣẹ́. Kaduna Textiles Limited, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti ilẹ̀kùn ní 2002. Elisha Renne ti kọ odidi ìwé kan, tó jáde ní 2020, lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tó kú lẹ́yìn náà àti àwọn opó wọn. Ìtàn ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ yìí yá ìmọ̀ tí ìlú ní lò, bí àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó yá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sì fi ẹ̀sùn kàn lágbára ju ẹni tó ń fi ẹ̀sùn kàn án lọ. Bí Polidori ti ṣe nìyẹn.

Zobo

Kóòtù kọ́ ni a kọ́kọ́ fún ní ipò kìíní. Ní ọjọ́ kìíní, àwa adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò lórí ìtàn mìíràn, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Àjẹ́ Ìdílé Wa":

"Ní ọjọ́ Kérésì, gbogbo wa jẹun yó àfi Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ebi kò pa àwọn. Ara ọmọ Àǹtí kò yá láti àná. Ní aago méjì òru, mo dìde lọ mu omi. Mo bá Ìyá Àgbà ní kíṣìnnì nínú òkùnkùn, wọ́n ń nu ẹnu. Nǹkan pupa wà ní ìka wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Padà lọ sùn, ọkọ mi.' Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò jí."

Ẹ kò ní dá wa lẹ́bi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó pọ̀ jù níbẹ̀. "Ọkọ mi" yẹn gan-an, tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu ìyá wa àgbà nígbà tí wọ́n ń pa wá lẹ́kún, mú kí ara wa bù máṣọ. Gbogbo wa kọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìgbà tí a ń palẹ̀ ìwé mọ́ ni Hàjíyà bèèrè, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Màlámì, kí ni Ìyá Àgbà yẹn mu?"

A ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Níbo ni wọ́n ti kọ ọ́?"

A padà kà á. Kò sí níbẹ̀. Hàjíyà ní, "Ṣé kì í ṣe zobo ni?"

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Zobo kò wọ́n ní ilé kankan ní Kàdúná nígbà ọdún. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. A tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, a sì rí ìyá arúgbó kan tó lè jẹ́ pé kò ní eyín mọ́, tí kò fẹ́ jẹ ẹran líle lójú àlejò, tí ó dúró kí ilé sùn kí ó tó lọ wá nǹkan tútù mu. Tàbí ọbẹ̀ ata. A rí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá láti àná, tí ẹnikẹ́ni kò gbé lọ sí ọsibítù nítorí pé Kérésì ni. Gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn náà bá èyí mu. Àwa tí a ti fi ogún ọdún kọ́ ènìyàn ní lámèyítọ́ ti dá ìyá olóyìnbó, bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá onílé ara wa lẹ́bi lórí ìka tó pọ́n. Àjẹ́ ké lánàá.

Ìbéèrè tó wá kù ni bóyá òǹkọ̀wé mọ ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé, kí òǹkàwé lè mú ara rẹ̀ níbi tó ti ń dájọ́, òun ló kọ ìtàn tó dára jù lọ nínú ìdíje náà. A kò mọ òǹkọ̀wé, ìwé nìkan ló wà níwájú wa. Ohun tó dáhùn ìbéèrè náà ni àkọlé. "Àjẹ́ Ìdílé Wa" ti ilẹ̀kùn kí a tó wọlé. Nínú ìwé ńlá, àkọlé lè ṣe bí ó bá ti wù ú. Nínú ìtàn tí kò tó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, àkọlé wà lára ẹ̀rí, lọ́pọ̀ ìgbà òun ni adájọ́ fúnra rẹ̀. Lórí èyí ni a fi mú ìtàn náà wá sí ipò kẹta.

Dọ́kítà kò gbà, wọn kò sì tíì gbà títí di òní. Èrò wọn yẹ ní gbígbọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ wa ni láti dá ìtàn lẹ́jọ́, kì í ṣe láti gba ìyá àgbà sílẹ̀. Wọ́n ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ìgbàgbọ́ tí ìdajì ìlú ní, a kò ní pẹ́ di wòlíì. Wọ́n tún bi wá pé bí ó bá jẹ́ ọkùnrin olówó ni wọ́n pè ní amùjẹ̀ láìsí ẹ̀rí, ṣé a ó bèèrè zobo? Èyí gún wa, nítorí pé a kò bèèrè irú rẹ̀ lórí "Kóòtù". Èsì tí a ní ni pé mọ́gáàdì kò ní sun ìta ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìtàn yẹn. A mọ̀ pé èsì náà kì í ṣe ti lítíréṣọ̀ nìkan. Ìbò méjì sí ẹyọ kan ni a fi parí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti kéde èsì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo kọ ìtàn Ìyá Àgbà. Sà, ṣé ẹ kò gbà pé àjẹ́ wà ni?"

A kò fún un ní èsì tó yẹ kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Inú ilé tí wọ́n ti ń ti ojú fèrèsé nítorí ẹyẹ òru ni a bí àwa náà sí. A ní kí ó jókòó, a sì bi í ní ìbéèrè Hàjíyà. Ó dákẹ́. Ó wá sọ pé ìtàn ilé àwọn ni. Ọmọ àbúrò ìyá òun ló kú lóòótọ́, Ìyá Àgbà sì ṣì wà láàyè. Láti ọdún náà ni wọ́n ti dá wọn padà sí Ọ̀fà, wọn kì í sì í ránṣẹ́ pè wọ́n wá fún ọdún mọ́. A bi í pé kí ni ó wà ní ìka wọn. Ó ní òun kò tan iná. Ó ní òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà.

Nígbà tí a wọlé fún sáà tuntun ní oṣù Kìíní, a bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìtàn náà ni. Ó ti pa àkọlé rẹ̀ rẹ́, kò fi òmíràn sí i. Kò kọ ọ̀rọ̀ tuntun kankan, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni ó gbé kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà wá jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ ní gbogbo ọjọ́, tí ebi wá jí ní òru, tí ọmọ-ọmọ bá ní kíṣìnnì. "Padà lọ sùn, ọkọ mi" ni ó parí rẹ̀. A fi han Dọ́kítà. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní bí ó bá jẹ́ eléyìí ló kọ́kọ́ kọ, kò bá má sí ìjà. Ṣùgbọ́n ìdíje ti parí, ẹni tó kọ "Kóòtù" sì ti fi adìyẹ náà ṣe ọdún tuntun.